Curt Bois, aláwàdà Júù tí Násì lé kúrò ní Berlin: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta ni Curt Bois?

Tẹ́ ẹ bá ti wo fíìmù Casablanca rí, ẹ ti rí ọkùnrin yìí, orúkọ ẹ̀ lẹ lè má mọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn, tọkọtaya òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan jókòó síta, ọkùnrin kúkúrú kan wá bá wọn, ó ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra nílùú yìí o, igúnnugún ló kún ibí, bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń dì mọ́ ọkọ bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kí wọ́n tó fura, pọ́ọ̀sì ọkọ ti bá a lọ. Jágùdà yẹn ni Curt Bois. Gbogbo ipa tó kó nínú fíìmù náà ò ju kó yọjú kó sì lọ.

Ṣùgbọ́n ní Berlin, kí Hitler tó gbàjọba, torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń sanwó wọ tíátà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, torí gbogbo ìgbà téèyàn bá dárúkọ ẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "ó kúkú dé Hollywood, kí ló tún ń wá?" Ó dé Hollywood lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fi sílẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ṣé ọmọ Jámánì ni àbí ọmọ Júù?

Méjèèjì ni. Berlin ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1901, inú ìdílé Júù, Berlin náà ló sì kú sí. Àwọn Násì ni wọ́n ní èèyàn ò lè jẹ́ méjèèjì.

Ọmọ ọdún mélòó ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ọmọ kékeré tí eyín iwájú ẹ̀ ò tíì ká ni. Ọdún 1907 ló ti fara hàn nínú sinimá, nígbà tí sinimá fúnra ẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé, tí fíìmù kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, tí kò sì sí ohùn nínú ẹ̀. Ní 1908 ó ṣe Heinerle, ọmọkùnrin kékeré inú eré olórin Leo Fall tí wọ́n ń pè ní Der fidele Bauer, ní Theater des Westens ní Berlin, eré yẹn ló sọ ọ́ di ọmọ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ní 1909 ó tún wà nínú fíìmù àwàdà kan tó dá lórí gọ́ọ̀mù tó ń lẹ ohun gbogbo pọ̀. Àǹtí ẹ̀ kọ́ ló kàn fà á wọ tíátà lọ́jọ́ kan o, iṣẹ́ ni, àwọn ará ilé ẹ̀ wà nínú ẹ̀ náà, Ilse Bois tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin náà di òṣèré kàbárẹ́ẹ̀.

Irú àwàdà wo ló ń ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá fíìmù Ernst Lubitsch tó jáde ní 1919, Die Austernprinzessin. Ayẹyẹ ìgbéyàwó kan wà nínú ẹ̀ ní ilé olówó kan, ijó dé bá gbogbo èèyàn bí àìsàn tó ń ràn, àlejò ń jó, àwọn agbáwo ń jó, àwọn tó wà ní kíṣìn pàápàá ń jó. Curt Bois ló ń darí àwọn onílù àtàwọn onífèrè. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà yẹn. Ọwọ́ nìkan kọ́ ló fi ń darí wọn, ìdí ẹ̀ ń yí, èjìká ẹ̀ ń fò, ojú ẹ̀ le koko bí ojú adájọ́, ìyẹn ló sì ń pani lẹ́rìn-ín jù, pé kò rẹ́rìn-ín rárá. Fíìmù tí kò sí ohùn ni o, ẹ ò sì ní nílò kẹ́ni kankan ṣàlàyé fún yín.

Èèyàn tín-ín-rín, kúkúrú, ojú dúdú ńlá, ẹsẹ̀ tí kì í dúró sójú kan. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ obìnrin ṣeré débi pé eré Charley's Aunt, èyí tí ọkùnrin kan ti ń díbọ́n pé òun ni àǹtí ọ̀rẹ́ òun, di eré tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ ọn lára ní Berlin. Ní 1927 ó tún wọ kaba nínú fíìmù Der Fürst von Pappenheim, Richard Eichberg ló darí ẹ̀, ó ń ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà aṣọ àwọn obìnrin olówó. Ẹ rántí kaba yẹn, torí àwọn Násì rántí ẹ̀.

Lápá kejì, ẹnu ẹ̀ mú. Berlin ìgbà yẹn kún fún kàbárẹ́ẹ̀, ibi kékeré tí èèyàn á jókòó síbẹ̀ mu ọtí, tí òṣèré á bọ́ síta kọrin tó fi bú olóṣèlú, tó fi bú olówó, tó fi bú àwọn tó jókòó gan-an. Béèyàn ò bá gbọ́ Jámánì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò ní Berlin, ìdajì ẹ̀ ti kọjá lórí ẹ̀. Bois ń sọ̀rọ̀ kíákíá, á sọ gbólóhùn kan, á sì ti wọ òmíràn kí ẹ̀rín ti àkọ́kọ́ tó tán. Nígbà tí fíìmù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn, nǹkan tún dáa fún un sí i. Ní 1932 ó ti darí fíìmù kékeré tiẹ̀. Ọmọ ọdún 31 ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1933?

Ọjọ́ 30 oṣù kìíní ni Hitler di olórí ìjọba. Oṣù kẹta ò tíì parí tí Ufa, iléeṣẹ́ fíìmù tó tóbi jù ní Jámánì, ti pinnu láti máa lé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ Júù, ìjọba ò sì tíì fipá mú wọn nígbà yẹn o, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tètè sáré lọ síwájú òfin. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun Násì dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù pé kẹ́nikẹ́ni má rà á. Oṣù kẹsàn-án, Goebbels, mínísítà ìpolongo Hitler, dá ẹgbẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọnà, bí o ò bá sí nínú ẹ̀, o ò lè ṣiṣẹ́, wọn ò sì fẹ́ Júù níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe pa iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn nìyẹn láìtíì gbé ìbọn.

Ṣé ó ti bú Hitler lórí ìtàgé ni?

Kò dìgbà tó bú u. Júù ni, ó tán.

Kí ló dé tí kò sá lọ sí orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí kó lè tètè padà?

Ó kọ́kọ́ lọ sí Vienna ní Austria, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí Jámánì náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ohun tó yọ ọ́ ni pé kò dúró. Ní 1934 ó ti wà ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tó dúró nítòsí, ẹ gbọ́ tiwọn. Kurt Gerron, ọkùnrin ńlá oníkùn, òun ló kọrin Mack the Knife lálẹ́ ọjọ́ tí Threepenny Opera kọ́kọ́ jáde ní 1928, òun náà ló ṣe onímájíìkì nínú The Blue Angel. Ó lọ sí Paris, ó kọjá lọ sí Netherlands, ó rí iṣẹ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀. Otto Wallburg náà lọ síbẹ̀, Max Ehrlich náà wà níbẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Netherlands, ọ̀nà bá dí. Ní àgọ́ Westerbork, níbi tí wọ́n ń kó àwọn Júù jọ sí kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú irin gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, Ehrlich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣeré àwàdà, nítorí ẹni tó bá wà nínú eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣeé ṣe kí orúkọ ẹ̀ má tíì jáde. Wọ́n gbé Gerron lọ sí àgọ́ Theresienstadt, wọ́n sì fipá mú un kó darí fíìmù irọ́ kan tó máa fi hàn pé ayé ń dùn fún àwọn Júù níbẹ̀. Lẹ́yìn tó ṣe é tán, wọ́n gbé e lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa Júù, wọ́n pa á ní oṣù kẹwàá ọdún 1944. Ehrlich àti Wallburg náà, Auschwitz, 1944.

Àwọn tó wà ní Vienna ńkọ́? Hitler wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1938. Paul Morgan, aláwàdà, kú ní àgọ́ Buchenwald kí ọdún yẹn tó parí. Fritz Grünbaum, bóyá aláwàdà kàbárẹ́ẹ̀ tó mú jù nílùú yẹn, kú ní àgọ́ Dachau ní oṣù kìíní ọdún 1941.

Gbogbo wọn mọra wọn. Orí ìtàgé kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Torí náà tí mo bá sọ pé ohun tí Bois pàdánù ní Amẹ́ríkà dùn mí, mi ò gbàgbé pé ó wà láàyè.

Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ṣé ó di ìràwọ̀?

Rárá o. Ó ṣiṣẹ́ ní tíátà ní Broadway, ní 1937 ó kọjá sí Hollywood, fíìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: Tovarich, Hollywood Hotel níbi tó ti jẹ́ ẹni tó ń ya aṣọ, The Hunchback of Notre Dame ní 1939, Boom Town ní 1940. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn fíìmù náà ẹ máa rò pé ọkùnrin yìí ń gbádùn. Ẹ wá jókòó wò wọ́n kẹ́ ẹ sì wá a. Á wọlé, á tẹrí ba, á sọ gbólóhùn méjì pẹ̀lú ohùn àjèjì, á jáde. Agbáwo, òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, télọ̀, olè kékeré, òyìnbó ilẹ̀ òkèèrè tí ojú ń kán.

Èdè ló fà á. Ẹni tó ń ṣe ipa ìbànújẹ́ lè fi Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ ṣe é, àwọn èèyàn á ní ohùn ẹ̀ jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé bó ṣe ń yára sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rín wà, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ló ń fi dápàárá, tẹ́ ẹ bá gba èdè yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ti so onílù lọ́wọ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ohun tó kù fún Bois ni ara, òun náà sì mọ̀ ọ́n, torí ẹ wo bó ṣe ń lo ọwọ́ àti ojú nínú àwọn ipa kékeré yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà òun lẹ máa wò, ẹ máa gbàgbé ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ mú mi lọ́kàn ni Hold Back the Dawn ti 1941. Ìtàn àwọn èèyàn tó há sí ìlú kan ní ẹnubodè Mexico ni, wọ́n ń dúró de físà Amẹ́ríkà. Billy Wilder, tóun náà sá kúrò ní Berlin ní 1933 tó sì ti dúró de físà ní Mexico rí, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Bois wà lára àwọn tó ń dúró nínú fíìmù náà. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ogúnléndé ló pọ̀ nínú Casablanca?

Lóòótọ́ ni. Peter Lorre, Júù, ó sá kúrò ní Berlin. Marcel Dalio tó ń ṣiṣẹ́ nídìí tẹ́tẹ́, Júù láti Paris, ó sá gba Lisbon. S. Z. Sakall tó ṣe Carl agbáwo, Júù láti Budapest tó ti gbajúmọ̀ ní Berlin, àwọn Násì pa àwọn arábìnrin ẹ̀ ní àgọ́. Conrad Veidt kì í ṣe Júù, ìyàwó ẹ̀ ni Júù, ó bá ìyàwó ẹ̀ lọ, àmọ́ nínú fíìmù ọ̀gá àwọn Násì ni wọ́n ní kó ṣe. Ìyẹn wọ́pọ̀ ní Hollywood nígbà ogun, pé ẹni tí Násì lé kúrò nílé, ipa Násì ni wọ́n máa fún un torí bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibì kan wà, ẹ má jẹ́ kó kọjá lójú yín: jágùdà yẹn kọlu Carl nínú ilé ọtí, ó ní kó má bínú, Carl bá yára ń fọwọ́ kan àwọn àpò ara ẹ̀ bóyá nǹkan ti lọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Aláwàdà méjì tí Berlin ti ń ṣàtẹ́wọ́ fún kí wọ́n tó lé wọn, wọ́n tún jọ ṣeré ní California, kò sì sí ẹni tó nílò èdè kankan níbẹ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ fíìmù Násì tí wọ́n ní ojú ẹ̀ wà nínú ẹ̀?

Der ewige Jude ni, ọdún 1940, Fritz Hippler ló darí ẹ̀ lábẹ́ Goebbels. Fíìmù ìkórìíra pátápátá, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mú kí ará Jámánì rí Júù bí eku. Wọ́n wá gé ibi tí Bois ti wọ kaba nínú Der Fürst von Pappenheim, wọ́n gbé e sínú ẹ̀ pé ẹ wò ó, ẹ wo bí Júù ṣe ń ba ọmọlúàbí Jámánì jẹ́. Wọ́n gé ti Lorre náà, wọ́n gé ti Gerron.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa ẹ̀ ni pé àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi han yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sanwó wọlé ní 1927 láti wo kaba kan náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sílé layọ̀. Kaba ò yí padà. Bois sì wà lókè òkun nígbà yẹn, ó ń gbé àwo kiri nínú fíìmù àwọn ẹlòmíì.

Kí ló dé tó padà sí Jámánì, tó tún wá jẹ́ ìlà oòrùn lọ́dọ̀ àwọn Kọ́múníìsì?

1950 ló padà, nígbà tí wọ́n ti pín Berlin sí méjì, tí ìlà oòrùn wà lọ́wọ́ àwọn Kọ́múníìsì. Tẹ́ ẹ bá bi mí, òṣèré tó ń fi èdè jẹun, ibi tí èdè ẹ̀ wà ni ọjà ẹ̀ wà. Ìlà oòrùn Berlin ní tíátà tó lágbára nígbà yẹn, Deutsches Theater wà níbẹ̀, Brecht, òǹkọ̀wé eré tóun náà ti wà ní California, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀, Berliner Ensemble. Odi Berlin ò sì tíì sí, 1961 ni wọ́n mọ ọ́n, èèyàn ṣì ń gba ojú pópó kọjá.

Bois ṣe eré Gogol, The Government Inspector, ní Deutsches Theater. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú Puntila ti Brecht. Puntila jẹ́ bàbá olówó oníoko kan ní Finland, tó bá ti mutí yó, ó máa ń láàánú, á máa dì mọ́ dírẹ́bà ẹ̀, á máa pe gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọmọ ìyá òun, tí ojú ẹ̀ bá dá, ó tún di ìkà. Fún ẹni tó mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ipa bàbá ọ̀mùtí yẹn dà bíi pé wọ́n dìídì rán an sí i. Wọ́n fi ṣe fíìmù ní Austria, Alberto Cavalcanti darí ẹ̀, òun náà ló ṣe Puntila níbẹ̀.

Ní 1954 ó kó lọ sí ìwọ̀ oòrùn Berlin.

Ṣé wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀?

Wọ́n fún un níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí i ní 1932 dà? Àwọn míì ti kú ní àgọ́, àwọn míì wà ní New York àti Tel Aviv, àwọn míì wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ rántí. Àwọn òṣèré tí kò lọ síbì kankan sì ti gba àyè. Heinz Rühmann, tó ń ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo ìgbà tí Hitler fi wà lórí oyè, ṣì ni ààyò gbogbo Jámánì lẹ́yìn ogun. Nígbà tí wọ́n máa ṣe Charley's Aunt ní fíìmù ní 1956, Rühmann ni wọ́n gbé kaba wọ̀. Mi ò ní Rühmann jí nǹkan ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ń sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni.

Kí ló wá mú kí wọ́n tún dárúkọ ẹ̀ nígbà tó darúgbó?

Fíìmù méjì. Àkọ́kọ́ ni Das Boot ist voll, 1981, ti ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Markus Imhoof. Àwọn Júù díẹ̀ ló sá wọ Switzerland nígbà ogun, wọ́n wá ń díbọ́n pé ẹbí kan náà làwọn torí òfin sọ pé ẹni tó bá ní ọmọ kékeré lè dúró. Bois ló ṣe bàbá àgbà wọn. Ẹ̀rín wà nínú ẹ̀, ẹ̀rín tó máa ń há síni lọ́fun, torí kékeré báyìí ló kù kí wọ́n mú un jẹ. Wọ́n yàn án fún Oscar fíìmù ilẹ̀ òkèèrè.

Ìkejì ni Der Himmel über Berlin ti Wim Wenders, 1987. Áńgẹ́lì ń rìn kiri Berlin, wọ́n ń gbọ́ ohun tí èèyàn ń rò. Bois ṣe Homer, arúgbó onítàn, ó ń wá Potsdamer Platz, gbàgede tó kún fún èèyàn nígbà kan rí, ó mọ ibi tí kọfí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó mọ ibi tí ọkọ̀ ń kọjá, koríko àti odi nìkan ló sì wà níbẹ̀. Kò rí i, kò sì fẹ́ lọ. Áńgẹ́lì lẹ lè torí ẹ̀ wo fíìmù yẹn, èmi torí bàbá yìí ni. Ní 1988 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dáa jù níbi European Film Awards àkọ́kọ́, Theater des Westens sì ni wọ́n ti ṣe é, tíátà tó ti jẹ́ Heinerle ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ó kú ní ọjọ́ Kérésì 1991, ẹni 90 ọdún.

Ṣé òun ló pẹ́ jù nídìí fíìmù láyé?

Láti 1907 dé 1987 jẹ́ 80 ọdún, wọ́n sì máa ń dárúkọ ẹ̀ fún ìyẹn. Mi ò rò pé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ka ọdún tó fi ń ṣe agbáwo kúrò, kó o tó sọ fún mi iye tó kù.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Die Austernprinzessin, torí kò gùn, kò sì béèrè pé kẹ́ ẹ gbọ́ Jámánì. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tún Casablanca wò, àmọ́ ní ọ̀tẹ̀ yìí kẹ́ ẹ máa wo àwọn tó wà lẹ́yìn Bogart, ìràwọ̀ fíìmù náà. Das Boot ist voll wúwo, ẹ má wò ó lálẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Puntila ní tiẹ̀, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ Jámánì díẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ rí èyí tó ní àkọlé lábẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ bàbá náà nìkan lẹ máa gbádùn, ìyẹn náà ò sì burú.